Land Cruiser 100 tó ń mu epo bí omi: níbo ni ká ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọlọ́jíìpù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Jíìpù Land Cruiser 100 ni, ọdún 2001, ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.7 (2UZ-FE), jíà ọ́tò onípele mẹ́rin. Táńkì rẹ̀ ń gba lítà 96. Odómítà ka kìlómítà 380, lítà 86 ni mo sì rọ̀ padà kó tó kún. Ìdajì ìrìn náà jẹ́ ti àárín ìlú, ìdajì jẹ́ ti ọ̀nà márosẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì kò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tuntun ni, fílítà afẹ́fẹ́ náà tuntun ni, kò sì yí nǹkan kan padà. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 285/75R16, férémù ìkẹ́rù wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n máa da oògùn sínú táńkì, ẹlòmíì ní kí n yọ tẹmosítáàtì (ohun tó ń ṣí tó sì ń tì fún omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára) dànù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbá mú?

Òṣùwọ̀n

Ẹ má tíì gbá ìkankan mú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tó ń mu gan-an, torí odómítà yín ń parọ́.

Táyà tó bá ọkọ̀ yẹn jáde ni 275/70R16, gíga rẹ̀ tó mìlímítà 791. 285/75R16 ga tó 834. Táyà tó ga jù ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀ sí i bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, odómítà kò sì mọ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Kìlómítà 380 yín, nǹkan bíi 400 ni ọkọ̀ rìn ní tòótọ́. Nítorí náà, kì í ṣe lítà 22.6 ló ń mu fún kìlómítà 100, lítà 21.5 ni. Lítà kan àti díẹ̀ ti kúrò nínú ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mú sípánà.

Tó bá ṣe yín bí i pé ìṣírò mi kò dájú, ẹ ṣí máàpù fóònù, ẹ wa kìlómítà 20 lójú ọ̀nà gbọọrọ, kí ẹ fi ohun tí fóònù kà wé ti odómítà.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ẹ rọ epo títí ẹnu họ́ọ̀sì yóò fi já fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn tó máa ń fún un mọ́ ọn, tí wọ́n ń mi ọkọ̀ kó lè gbà sí i, ìṣírò ara wọn ni wọ́n ń bàjẹ́. Ẹ dá òǹkà ìrìn padà sí 0. Nígbà tí ẹ bá padà wá, kó jẹ́ ilé epo yẹn náà, họ́ọ̀sì yẹn náà, kí ọkọ̀ sì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, torí bí ilẹ̀ bá dagun, iye tí táńkì yóò gbà yóò yàtọ̀. Táńkì kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ pa lítà gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ fi kìlómítà gbogbo wọn pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní 100.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì_Ṣíṣí

Ọ̀rọ̀ Òṣùwọ̀n tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí ohun tí ẹ lè retí, kó má baà di pé ẹ ń lépa ohun tí kò sí. Ọkọ̀ yìí lé ní kìlógíráàmù 2,300 láì tíì gbé èèyàn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wakọ̀ nígbà gbogbo, iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, yóò mu lítà 18 sí 20 nínú ìlú, àti 14 sí 16 lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọn kò bá sá eré àsápajúdé. Pẹ̀lú ìrìn yín tó jẹ́ ìdajì-ìdajì, 17 ló yẹ ká máa wò. Ẹ̀yin wà ní 21.5. Lítà 4 àti ààbọ̀ ni a ń wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun yóò sọ ọ́ di 11, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ tà.

Abẹ́_Ọkọ̀

Iná tí kò tàn kò túmọ̀ sí pé ara ẹ́ńjìnnì dá. Ọpọlọ mọ́tò (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) lè máa bu epo kún epo fún ọ̀pọ̀ oṣù láì pariwo, níwọ̀n ìgbà tí àfikún náà kò bá ti kọjá ààlà tí wọ́n fún un. Ẹ wá skáánà OBD2 (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí ọpọlọ mọ́tò ń rí), kódà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ wá ka àwọn nǹkan wọ̀nyí fún wa.

Àkọ́kọ́ ni ooru omi, ECT. Ẹ kà á lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà, nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kì í ṣe nígbà tó dúró. Ọwọ́ géèjì tó wà níwájú yín kò ṣeé gbára lé fún èyí, torí wọ́n ṣe é kó máa dúró sí àárín bí ooru bá tiẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀.

Èkejì ni àtúnṣe epo, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ọpọlọ mọ́tò ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò: LTFT (ti ọjọ́ pípẹ́) àti STFT (ti ojú ẹsẹ̀), ti apá 1 àti ti apá 2 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. (Apá 1 ni apá tí sílíńdà 1 wà.) Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìdúró, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ dúró, tí ẹ kò tẹ iná (pẹ́dà eré), lẹ́ẹ̀kejì ní RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) 2,500. Ẹ ro LTFT pọ̀ mọ́ STFT. Bí àpapọ̀ wọn bá wà láàárín −10 àti +10, kò burú. Tó bá kọjá +10, ọpọlọ mọ́tò gbà pé epo kò tó, ó ń bù kún un. Tó bá lọ sísàlẹ̀ −10, epo pọ̀jù níbì kan, bóyá ínjẹ́tọ̀ kan ń jò.

Ẹ̀kẹta ni MAF, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹ́ńjìnnì lítà 4.7 tó gbóná tó sì dúró, tí wọ́n pa amúlétutù, máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 6 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àbọ̀ ìṣírò kan rèé fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀: bí MAF bá ka 5, ẹ pín in sí 14.7 (iye gíráàmù afẹ́fẹ́ tí gíráàmù epo kan ń fẹ́), yóò ku gíráàmù 0.34 epo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní wákàtí kan, ó lé ní lítà 1.6. Iye tí jíìpù yìí ń mu nìyẹn nígbà tó dúró lójú kan tí kò lọ síbì kankan, láì tíì tan amúlétutù. Ẹni tó bá ń lo wákàtí kan lójoojúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó má bínú sí púlọ́ọ̀gì.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ní tèmi o, tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé jíà sí N kó máa yọ́ lọ. Epo púpọ̀ ló ń ṣẹ́kù.

Abẹ́_Ọkọ̀

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ayé kábúrétọ̀ ni ìyẹn. Nínú ọkọ̀ oní-ínjẹ́tọ̀, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí jíà ṣì wà ní D, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ọpọlọ mọ́tò yóò ti ínjẹ́tọ̀ pa pátápátá títí RPM yóò fi sún mọ́ ti ìdúró. Tí ẹ bá gbé e sí N, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo kó má baà kú. Ẹ wá sọ ohun tí kò mu nǹkan kan di ohun tó ń mu, ẹ sì gba agbára ìdádúró ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ọkọ̀ tó wúwo báyìí lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Búrékì nìkan ni yóò wá ṣẹ́kù.

Jíà_Mẹ́rin

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Ṣé "O/D OFF" kò tàn? Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọwọ́ jíà, ìka lè tẹ̀ ẹ́ láì mọ̀. Bó bá ti pa, jíà kẹrin kò ní wọlé láé, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa pariwo lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dán ìdìmú torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ọ́tò) wò. Ẹ máa lọ ní kìlómítà 90 sí 100 lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí iná láì mì. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan búrékì fẹ́ẹ́rẹ́, kí iná ẹ̀yìn ṣáà tàn, kí ọkọ̀ má tíì dúró. Ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn yín o. Bí RPM bá fò sókè díẹ̀, bíi 200 tàbí 300, tó sì padà wálẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ń dì mú dáadáa. Bí kò bá mì rárá, kò dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ooru ni epo yín ń dà nínú jíà. Kí ẹ tó dá jíà lẹ́bi, ẹ ka ooru omi tí Abẹ́_Ọkọ̀ sọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù lójú ọpọlọ mọ́tò, kò ní jẹ́ kó dì mú.

Ẹsẹ̀_Mẹ́rin

Gbogbo yín ń wo iwájú, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Búrékì tó ń há lè máa jẹ epo ju sẹ́ńsọ̀ lọ, kì í sì í fi kóòdù kankan hàn.

Ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi kìlómítà 15, kí ẹ jẹ́ kó dín eré fúnra rẹ̀ dípò kí ẹ tẹ búrékì, kí ẹ sì dúró. Ẹ fi tẹmómítà tó ń yìnbọn ooru ka àárín rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú wé iwájú, ẹ̀yìn wé ẹ̀yìn. Èyí tó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní 20°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń há. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi ọwọ́ yí i: ó yẹ kó yí láì janpata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúwo àwọn ṣáfútì yóò dá a dúró kíákíá.

Lára kálípà ẹ̀yìn, pínnì tó yẹ kó máa yọ́ wọlé-yọ́ jáde ló sábà máa ń gbẹ tàbí dípẹtà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi yanrìn-bébà múlọ́múlọ́ fá a, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún búrékì pa á, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó bò ó bó bá ti ya. Gíríìsì bíárìn lásán yóò mú rọ́bà wú, pínnì yóò sì tún há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo bàtà búrékì ọwọ́ náà nínú díráàmù kékeré tó wà láàárín dísìkì ẹ̀yìn, bí wáyà rẹ̀ bá le jù, ó lè máa fi ara gbo.

Ní ti afẹ́fẹ́ táyà: ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, ti táyà àtilẹ̀wá ni. Táyà LT tó nípọn nílò díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. PSI 10 tó bá dín nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jẹ epo ju nǹkan bíi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Táyà ni yóò kọ́kọ́ kú.

Púlọ́ọ̀gì8

Fílítà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi òróró pa ń kọ́? Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Àti epo olówó gọbọi tí octane rẹ̀ ga?

Abẹ́_Ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì oní-ínjẹ́tọ̀ ń wọn afẹ́fẹ́ tó bá wọlé, ìwọ̀n epo tó bá a mu ló ń fún un. Fílítà tó dọ̀tí ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kan iye epo. Ohun tí òróró fílítà máa ń ṣe ni pé, bó bá pọ̀jù, ó ń fò lọ lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín inú MAF. Bẹ́bà lásán tó. Bí MAF bá sì ti dọ̀tí, ìfọ́nwẹ̀ tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti kábúrétọ̀. Ẹ má fi òwú tàbí ìka kàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Octane gíga kò fi agbára kún epo, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kó bú kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Epo lásán ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún. Oògùn inú táńkì lè fọ ínjẹ́tọ̀, kò lè tẹ́ ìwúwo ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ti ẹni tó ní kí ẹ yọ tẹmosítáàtì, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ń bèèrè epo púpọ̀ ni, òróró rẹ̀ sì nípọn.

Olójò

Ti dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́, 1HD-FTE lítà 4.2?

Jíà_Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sí LTFT níbẹ̀. Ẹ wo èéfín dúdú, họ́ọ̀sì tọ́bò tó ya, fílítà epo àti ínjẹ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ búrékì, táyà àti eré kò yàtọ̀. Ẹ ṣí àpérò tirẹ̀ kí a lè yọ̀ǹda ibí fún ẹni tó ni ín.

Ọlọ́jíìpù

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí mo kà rèé. O/D kò sí ní OFF. Ooru omi lójú ọ̀nà ní kìlómítà 90: 70 sí 72°C, ó gun 83 nígbà tí ọkọ̀ dúró. MAF: 5.2. Àpapọ̀ LTFT àti STFT, apá 1: +15 ní ìdúró, +9 ní 2,500. Apá 2: +3 àti +2. Rímù ẹ̀yìn òsì 81°C, ẹ̀yìn ọ̀tún 46°C. Táyà wà ní 28 PSI. Ó tún ku ohun kan: láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì máa ń ró "tík-tík-tík" láti ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á dákẹ́.

Abẹ́_Ọkọ̀

Ẹ ti bá a mú nìyẹn. Ohun mẹ́ta ló ń jẹ yín pọ̀.

Ti omi ni ó rọrùn jù. Tẹmosítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà bá lè fa omi wálẹ̀ sí 71, kò tì mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹmómítà wo họ́ọ̀sì bóyá sẹ́ńsọ̀ kò parọ́. Sẹ́ńsọ̀ náà gbọ́dọ̀ ka kílò-ohm (ìwọ̀n ìdènà iná mànàmáná) 2 sí 3 ní 20°C, àti 0.2 sí 0.4 ní 80°C. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ tẹmosítáàtì àti rọ́bà rẹ̀, kí fáàfù kékeré tó ń mì lára rẹ̀ wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Ẹ rọ omi rédíétọ̀ tuntun díẹ̀díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣí ooru inú ọkọ̀ sí ìpẹ̀kun, títí ìhó omi kò fi ní yọ mọ́.

Apá 1 ló ṣe pàtàkì jù. MAF àti pọ́ǹpù epo ń sin apá méjèèjì, bí wọ́n bá ṣàìsàn, apá méjèèjì ni ìbá ké. Apá kan ṣoṣo ló ń ké níbí, ó ń ké jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, ariwo rẹ̀ sì ń dákẹ́ bí irin bá gbóná tó fẹ̀. Exhaust manifold (irin tó ń kó èéfín jáde láti orí ẹ́ńjìnnì) apá yẹn ti sán, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó. Manifold tó ń sán kì í ṣe àjèjì lára 2UZ-FE. Ẹ̀là náà sábà máa ń wà lábẹ́ páànù tó bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kàn yọjú wò ó kò fi ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi ń jẹ epo, torí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ki gbogbo "+" bọ àpò kan ṣoṣo. Bí họ́ọ̀sì ìwọlé afẹ́fẹ́ bá ya, afẹ́fẹ́ tí MAF kò kà ń wọ sílíńdà lóòótọ́. Epo tí ọpọlọ mọ́tò fi kún un bá afẹ́fẹ́ yẹn mu, ìfiṣòfò kò pọ̀. Ti manifold yàtọ̀. Láàárín ìtújáde èéfín kan sí òmíràn, ihò ẹ̀là náà ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, afẹ́fẹ́ yìí kò sì dé inú sílíńdà rí. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níwájú rẹ̀ rí i, ó sọ pé epo kò tó. Irọ́ ni. Ìdá 15 tí ọpọlọ mọ́tò fi kún un jáde lọ láì ṣe nǹkan kan. Ní ìdúró, ìdá 15 nínú ìdajì ẹ́ńjìnnì jẹ́ nǹkan bíi 7 nínú gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ní òwúrọ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì rárá, ẹ yọ páànù náà. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde sí ẹnu sàléńsà lẹ́yìn, ẹ fi àkísà dí àyíká rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ wọ́n manifold láti ibi tó ti so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì dé ibi tí páìpù rẹ̀ ti pàdé. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀_Mẹ́rin

81 àti 46! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì yẹn ń wa búrékì lójoojúmọ́. Ẹ tú kálípà rẹ̀ lónìí. Bí pínnì bá yọ́ dáadáa, ẹ tẹ písítìn rẹ̀ padà. Bí kò bá fẹ́ wọlé, ẹ ṣí nípù kékeré ara rẹ̀ tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ inú òróró búrékì jáde díẹ̀. Tó bá wá wọlé wẹ́rẹ́, họ́ọ̀sì rọ́bà búrékì ló ti wú nínú tó sì ń dá òróró dúró. Tí kò bá wọlé síbẹ̀, písítìn ló ti dípẹtà.

Òṣùwọ̀n

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ̀bi jù. Búrékì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọn táńkì kan. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú tẹmosítáàtì, ẹ tún wọ̀n. Ti manifold lẹ́yìn. Kí ẹ sì máa sọ kìlómítà odómítà di púpọ̀ ní 1.054 nígbà kọ̀ọ̀kan.

Férémù orí ọkọ̀, ẹ yọ ọ́ bí kò bá ní iṣẹ́, torí atẹ́gùn ń gbá a bí ó tilẹ̀ ṣófo. Ní ti eré: láti 100 dé 120, ìdènà atẹ́gùn ń lé sí i ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Iwájú ọkọ̀ yín kò mọ bí a ṣe ń dọ́gbọ́n sí i.

Ọlọ́jíìpù

Ìhó ọṣẹ jáde lábẹ́ páànù, ní ìsopọ̀ páìpù méjì tó wà lẹ́yìn. Pínnì kálípà ti dípẹtà, mo ti tún un ṣe. Táńkì tó tẹ̀ lé e jáde sí 20.1. Ṣé wọ́n lè jó manifold náà ní wẹ́dì?

Abẹ́_Ọkọ̀

Wọ́n lè jó o, ṣùgbọ́n irin tó ti ń gbóná tó ń tutù fún ọ̀pọ̀ ọdún ti rẹ̀, ó sábà máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́dì náà. Bí ẹ bá rí òmíràn tí ara rẹ̀ dá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n òróró ìtúdè sí àwọn nọ́ọ̀tì láti ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ tú wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má fi agbára ya wọ́n. Èyí tí kò bá gbọ́, ẹ yí i síwájú díẹ̀ kí ẹ tó yí i sẹ́yìn. Bí ìdè kan bá kán mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ wákàtí mélòó kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, nọ́ọ̀tì tuntun, ẹ fi irin gbọọrọ wo ojú manifold bóyá kò tẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ fi skáánà pa ohun tí ọpọlọ mọ́tò ti kọ́ rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ náà bíi kìlómítà 100, nínú ìlú àti lójú ọ̀nà, kí ẹ tó ka apá 1 fún wa.